Gómìnà Mákindé, Ó Ku Ìwọ̀n Kejì

Ní oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí Ẹnjinníà Ṣèyí Mákindé gorí àléfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ ṣe: ó gbé àkọsílẹ̀ dúkìá rẹ̀ síta kí tẹrútọmọ rí i. Iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 48 náírà. Ẹnu ya àwọn kan pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní gbogbo èyí. Àwọn mìíràn sì fura pé ńṣe ló fi àyè sílẹ̀ de ohun tí yóò kó jọ nígbà tó bá wà nípò. Àríyànjiyàn yẹn dà bí ẹni fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, nítorí pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ kò tíì tó àkókò nígbà náà. Ó ti tó báyìí. Ohun tí a ń béèrè ni pé nígbà tí Gómìnà Mákindé bá parí sáà kejì rẹ̀ ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027, kó tún gbé àkọsílẹ̀ dúkìá rẹ̀ síta, láìdúró de ẹni tí yóò fipá mú un.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe kó tó di òṣèlú ló jẹ́ kí ìbéèrè yìí tọ́ sí i ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1967 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní Yunifásítì Èkó, ó sì dá iléeṣẹ́ tirẹ̀, Makon, sílẹ̀ nígbà tó wà ní ẹni ọdún 29. Wíwọn epo àti gáàsì wà lára iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí epo rọ̀bì ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, ìwọ̀n ni gbogbo wọn jọ gbẹ́kẹ̀ lé. Àṣìṣe bíńtín lórí mítà lè di òbítíbitì owó kí oṣù tó parí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dán ẹ̀rọ náà wò lóòrèkóòrè níṣojú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà. Wọ́n á ka mítà kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, wọ́n á tún kà á nígbà tó bá dáwọ́ dúró, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ohun tó gba inú páìpù kọjá. Ẹni tó ka ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tíì wọn nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni dúkìá gómìnà rí: àkọsílẹ̀ ti 2019 ni ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, ti ìparí ló kù.

Ìṣèlú kò tètè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó du ipò sẹ́nétọ̀ ní 2007, kò rí i. Ó du ipò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP ní 2015, ó tún fìdí rẹmi. Ní 2019, lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP, ó ní ìbò 515,621, Adébáyọ̀ Adélabú ti ẹgbẹ́ APC sì ní 357,982. Nígbà tí Mákindé padà lọ bá àwọn olùdìbò ní 2023, ìbò rẹ̀ gòkè sí 563,756. Àwọn òbí tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ owó 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ níléèwé girama, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù wọn kì í falẹ̀ mọ́, àti àwọn tó ń gba ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, lè sọ ìdí rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbàgbé pé gómìnà yìí kan náà lé àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn dànù ní kété tó gbọ̀pá àṣẹ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé ohun tó ṣe kò bófin mu, wọ́n sì ní kí ìjọba Ọ̀yọ́ san mílíọ̀nù 20 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ẹjọ́. Àpò ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní kí owó náà ti jáde, kì í ṣe àpò ẹni tó pàṣẹ.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 là á kalẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ iye dúkìá rẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti nígbà tó bá ń lọ. Àjọ tó ń mójú tó ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, inú àpótí ibẹ̀ ló sì ń wà. Òfin kan náà sọ pé aráàlú lè wò ó, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Kékeré bá ṣe. Wọn kò ṣe ìlànà náà. Nítorí èyí, ìwà àtinúwá ẹni tó bá wù ú nìkan ló kù, irú èyí tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua hù ní 2007 tí Mákindé náà hù ní 2019.

Àwọn kan yóò sọ pé nítorí ààbò rẹ̀ ni kò fi yẹ kó tún gbé e síta. Àwọn ajínigbé kò nílò ìwé kejì láti mọ ẹni tó lówó, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti wà níta. Èyí tó ta kókó ni ti náírà. Dọ́là kan kò tó 400 náírà nígbà tó ka ti àkọ́kọ́, ó sì ti lé ní 1,000 láti ìgbà náà, nítorí náà dúkìá tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lè ti wú lórí ìwé. Ìdí nìyí tí àròpọ̀ lásán kò fi ní tẹ́ wa lọ́rùn. Kó to ilé, ilẹ̀, owó báńkì, gbèsè àti ìpín iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, kó sọ èyí tó wà ní 2019 àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kó sì sọ bóyá iléeṣẹ́ kankan tó ní ìpín nínú rẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. A kò sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ la fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yẹ kó máa dúró lórí inú rere ẹnì kan. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin 14 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rán lọ sí Àbújá. Kí wọ́n gbé àbá ìlànà tí òfin 1999 ń retí náà kalẹ̀, kí àwọn tiwọn náà sì kọ́kọ́ gbé àkọsílẹ̀ dúkìá wọn síta kí wọ́n tó dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.