Kí ọ̀dọ́langba tó di olùkọ́ ọmọdé, ẹ kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọdọ̀ sọ

Mo wà lára àwọn tó gbà pé kí ọ̀dọ́langba máa kọ́ àwọn ọmọdé ní eré ìdárayá àti bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Ọmọ ọdún 8 lè gbé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà jù sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 16 bá fo okùn lójú rẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn kiri. Ètò tí a ń ṣe sí i ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: a ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, a ó fún wọn ní ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà àti fèrè, a ó wá ní kí wọ́n lọ máa kọ́ ọmọ. Etí tí ọmọdé ń yá wọn yìí náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan ṣoṣo wọ ọmọ lákínyẹmí ara. Lójú tèmi, ìdajì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn yẹ kó dá lórí ohun tí kò gbọdọ̀ ti ẹnu wọn jáde.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. "O ti sanra jù." "Wo ikùn ẹ." "Oúnjẹ burúkú nìyẹn." "Tó o bá jẹ ìyẹn tán, wàá sáré yípo pápá lẹ́ẹ̀marùn-ún." Ẹ wo ẹ̀kẹta: ọmọ ọdún 8 kọ́ ló ń ra oúnjẹ ilé wọn. Bí ẹ bá pe ohun tí ìyá rẹ̀ sè ní burúkú, ìyá rẹ̀ lẹ bú yẹn, ọmọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀kẹrin ló burú jù, torí ó ń sọ eré ìdárayá di ìyà. Ọmọ tí wọ́n ní kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà 20 nítorí pé ó pariwo, ẹ má retí pé kó fẹ́ràn fífò mọ́.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìwúwo ara kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ọmọ tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i. Bí ìwúwo rẹ̀ bá mú ìṣòro dání, dókítà àti òbí rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ wọn nǹkan, ẹ wọn ohun tí ọmọ lè ṣe: iye ìgbà tó fo okùn kó tó kọsẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó lórí ẹsẹ̀ kan. Inú ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó gbẹ́yìn ni gbogbo wọn á máa wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, bí a bá pín ti ọ̀sẹ̀ dọ́gba, kí eré tó ń mú iṣan àti egungun lágbára sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè kún ìyẹn láéláé. Ohun tó wà fún ni kí ọmọ kọ́ eré tó lè dá ṣe nílé. Ìṣẹ́jú 45 ti tó: 5 fún mímú ara gbóná, 25 fún eré, 10 fún oúnjẹ títọ́wò, 5 fún ọ̀rọ̀ àti ìdágbére. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ìwàásù ló ti dà.

Nínú eré, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni "ẹni tí wọ́n bá mú, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́". Ta ló kọ́kọ́ ń bọ́ síta? Ọmọ tí eré sísá kò yá lára ni. Ẹni tó nílò eré náà jù ni yóò jókòó pẹ́ jù. Ẹ má pa eré náà tì, òfin rẹ̀ ni kí ẹ yí padà: ẹni tí wọ́n bá mú á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fò ní ìgbà 10 (ara eré ni, kì í ṣe ìyà), á sì padà wọlé. Ìlà gígùn náà kò yàtọ̀. Bí ọmọ 12 bá tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 10, ọmọ á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 kó tó tún kàn án. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà 4, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù kò bá tó, aṣọ tí wọ́n ká tí wọ́n sì so dáadáa ṣeé jù ṣeé hán.

Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, kó bi í ní ìbéèrè. Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin wà níbi tó dáa. Ẹni tí kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ kó tó mí ti ń ṣe é le. Kó ṣe é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kó rọra rìn. Bí oòrùn bá mú, kí wọ́n mu omi ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra, láìdúró de ìgbà tí ọmọ bá béèrè.

Nínú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ náà, àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé irin ni kí ẹ ṣọ́ jù (mo mọ̀ pé inú wọn kò ní dùn sí mi). Wọ́n á fẹ́ kó ohun tí wọ́n rí lórí fóònù wá: irin wíwúwo, ìyẹ̀fun purotéènì, àìjẹun láàárọ̀. Ìwúwo ara ọmọ fúnra rẹ̀ ti tó: kó rìn bí akàn, kó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn, kó fò láti ibì kan dé òmíràn, kó rọ̀ mọ́ igi. Orúnkún náà tún wà. Nígbà tí egungun bá ń yára gùn, ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun lábẹ́ orúnkún lè máa dun ọmọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Osgood-Schlatter. Fífò àti sísáré ló ń mú un le sí i. Láàárín ọdún 10 sí 15 ló wọ́pọ̀, nítorí náà ó lè jẹ́ olùkọ́ kékeré gan-an ló ń tiro. Kó má ṣe àṣehàn. Kó dín fífò kù, kó sì sọ fún àgbàlagbà.

Ní ti oúnjẹ, ọwọ́ ọmọ ni kó ṣiṣẹ́ ju ẹnu olùkọ́ lọ. Ọmọ tó fọ kárọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, tó tún rin ín, á fẹ́ mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí wọ́n jókòó, torí oúnjẹ tètè ń há ọmọ tó ń sáré lọ́fun. Ẹyọ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ti tó. Kí bébà wà níwájú ọmọ tí yóò tu ú sí bí kò bá fẹ́ gbé e mì. Ọmọdé lè tọ́ oúnjẹ tuntun wò tó ìgbà 8 sí 15 kó tó gbà á, nítorí náà ẹni tó tu ú lónìí kò tíì sọ pé òun kò jẹ ẹ́.

Ibí yìí ni àwọn olùṣètò ti ń ṣe ohun tí kò yé mi: ọ̀sẹ̀ yìí kárọ́ọ̀tì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kùkúńbà, èyí tó tẹ̀ lé e ẹ̀fọ́ mìíràn, kí fọ́tò lè dùn ún wò. Ọmọ kò pàdé ohun kankan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ 8, ẹ mú nǹkan 2 péré, kí ẹ máa gbé wọn padà wá: ní tútù, ní sísè, kí wọ́n fi ẹ̀wà lílọ̀ jẹ ẹ́. Àgbàlagbà ni yóò ti gba ìwé lọ́wọ́ òbí ṣáájú: oúnjẹ wo ni ara ọmọ kì í gbà, ṣé ó ní ikọ́ fée, ibo ni oògùn tó ń fà símú wà. Pápá ni ìwé yẹn gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ọ́fíìsì, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ ṣúgà ni ọ̀dọ́ ń gbádùn jù, ibẹ̀ náà ni ìṣirò sì ti ń ṣì wọ́n. Ṣíbí tíì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Bí agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó jẹ́ mílílítà 330 bá kọ ṣúgà gíráàmù 10.6 sára, ti mílílítà 100 ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.3, ó di 35, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí 9. Ọ̀dọ́ tí kò bá ka ìlà òkè, tó sọ pé ti mílílítà 100 ni, á sọ fún ọmọ pé ṣíbí 2 àti díẹ̀ ni. WHO ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti oyin àti ti omi èso, má tó ìdá 10 nínú 100 kálórì òòjọ́, ìyẹn agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Fún ọmọ tó ń jẹ kálórì 1,600, ìyẹn jẹ́ 160; bí gíráàmù ṣúgà kan sì ti ní kálórì 4, gíráàmù 40 ni ààlà rẹ̀. Ti odindi èso kò sí nínú ìṣirò yẹn. Kí agolo tí wọ́n máa fi ṣe é jẹ́ èyí tí olùkọ́ mú wá. Wọn kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú báàgì ọmọ kankan.

Ta ni kí ẹ yàn? Ẹ fi ẹni tó yára jù sílẹ̀. Ẹni tó lè pàdánù nínú eré kó sì rẹ́rìn-ín ni mo máa mú. Méjì fún ọmọ 8 sí 10: ọ̀kan á máa darí, èkejì á máa wo ọmọ tó ń dá dúró, bí ìdánwò bá sì dé tí ọ̀kan kò wá, ẹgbẹ́ kò ní tú. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà níbi tó ti lè rí gbogbo wọn. Kò sí ọ̀dọ́ kan àti ọmọ kan nínú yàrá tí wọ́n tì, kò sí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ bòókẹ́lẹ́ lórí fóònù. Bí ọmọ bá sì sọ pé kò sí oúnjẹ nílé, tàbí pé ẹnì kan ń lu òun, kí ọ̀dọ́ má ṣèlérí pé òun á pa á mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó sọ fún àgbàlagbà.

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n bá fi ìwé irú ètò báyìí ránṣẹ́ sí, ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà kí wọ́n tó kó ọmọ fún wọn. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa wọn ìwúwo ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ọmọ tiyín sórí ìwọ̀n.