Ẹ má tíì gbẹ́ sàréè fún Fayose

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ èyí tí ẹ kọ pé lílé tí PDP lé Fayose níbi àpéjọ wọn ní Ìbàdàn, oṣù kọkànlá 2025, ti fòpin sí òṣèlú rẹ̀, mi ò gbà. Wọ́n yọ ọ́ nípò gómìnà Èkìtì ní 2006. Ó lọ du ipò sẹ́nétọ̀ lábẹ́ Labour ní 2011, ó fìdí rẹmi. Ní 2014, ó na Fayemi tó wà lórí àga ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ ti mú jù fún mi.

Lánàá ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, nídìí oníwèé ìròyìn tí a ti máa ń kà láìrà, bàbá kan tí obì wà lẹ́nu rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí irú àkọlé yìí. Ó ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ náà lẹ ti ń sọ̀yẹn?" Ní 1962, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group yọ Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní igbákejì olórí ẹgbẹ́, wọ́n ní kó gbé ipò Prẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀. Àga fò nílé aṣòfin Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì. Oṣù kìíní 1963, ó ti padà sórí àga pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun, UPP, orí àga náà ló sì wà títí tí àwọn sójà fi pa á ní 1966.

Ṣùgbọ́n NPC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀ l'Ékòó nígbà náà, gbè é lẹ́yìn. Ta ló wà lẹ́yìn Fayose báyìí? Ìyẹn ló yẹ kí ẹ wádìí fún wa.

Bàbá ká ìwé ìròyìn, ó dá a padà fún oníwèé, kò san kọ́bọ̀.