Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà torí pé èèyàn ò dìbò?

Lékan Akéwejẹ̀: Ẹ rántí àbá òfin tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kejì nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá ní oṣù karùn-ún 2025: ẹni tí kò bá dìbò, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ariwo ta, wọ́n fà á padà lóṣù yẹn náà. Ṣùgbọ́n ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó dìbò ààrẹ ò tó mílíọ̀nù 26. Ẹ̀tọ́ ni ìbò àbí ọ̀ranyàn?

Ìyá Eléko: Èmi tí mo fẹ́ dìbò ńkọ́? Ẹ̀rọ wọn ò dá ìka mi mọ̀, gàrí yíyan ti jẹ gbogbo ilà ọwọ́ mi. Wọ́n ní kí n tú gèlè kó lè rí ojú mi. Mo tú u nínú oòrùn, níwájú àna mi!

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀wọ̀n wo ló fẹ́ gba gbogbo wa 😂 Ẹ kúkú mọ ògiri yí Nàìjíríà ká, kí ẹ ti géètì.

Peckham Dúdú: Ọ̀ranyàn ni ní Brazil, láti ọmọ ọdún 18 dé 70. Australia ti ń ṣe é láti 1924. Kí ló dé tí tiwa fi máa ń yàtọ̀?

Adó Kété: Peckham, ìwọ dìbò ní 2023?

Peckham Dúdú: Òfin ò gbà kí àwa tó wà lókè òkun dìbò. Ta sì lò ń pè ní "ìwọ"?

Fatiu: INEC, àjọ elétò ìdìbò, ò gbé èsì ìbò ààrẹ 2023 sórí ìkànnì bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Kí la fẹ́ wá dìbò fún?

Adó Kété: Ẹ má bínú o, bàbá àgbà. Ẹni tí ò sí nínú ọkọ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún dírẹ́bà.

Peckham Dúdú: Owó mi wà nínú ọkọ̀ yẹn! Ẹ̀yin Èkìtì tí ẹ sọ ìbò di "dìbò kó o sebẹ̀".

Adó Kété: Gbogbo ilẹ̀ yìí ló ń rà á. Àwa kàn fún un lórúkọ ni.

Ọmọ Ọ̀fà: Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni àbí ilá?

Peckham Dúdú: Mo dìbò ní June 12, 1993. Ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni Babangida fagi lé e. Níbo lo wà?

Adó Kété: Ẹ̀yìn ìyá mi. Ṣùgbọ́n ta ló fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ yín lọ́jọ́ náà kí ẹ tó jáde?

Peckham Dúdú: Kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Fatiu: MO NÍ WỌN Ò GBÉ ÈSÌ SÓRÍ ÌKÀNNÌ!!!

Adó Kété: Ẹ kú iṣẹ́ òkè òkun, sà.

Ìyá Eléko: Ẹni tí ẹ̀rọ ò bá mọ ìka rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà máa san ₦100,000?

Ọmọ Ọ̀fà: Ìyá, gàrí tí ẹ ń yan yẹn, ti Ìjẹ̀bú ni àbí èyí tó lépo?

Ìyá Eléko: Ti Ìjẹ̀bú ni, ọmọ mi. Kọ́ńgò mélòó?