Ṣé ká jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe update, àbí ká pa á?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu géètì ilé ìwé kan n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni mo ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan gbé project rẹ̀ wá, ojú ìwé 86, aago méjìlá ọ̀sán ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ dé ojú ìwé 41, ni kọ̀ǹpútà bá kú, ó tún jí fúnra rẹ̀, ó ní update lòun ń ṣe, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn tó ṣe Windows máa ń fi ránṣẹ́ sí i, 12%, kí n má pa òun. Ó ń yí bìrìpé bìrìpé. Ó dé 30%, iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ bú sẹ́kún. Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún wọn ṣe ti wá ní kí n jẹ́ kóun pa update lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n sinmi. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ológbojò: Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó pa á kíákíá. Láti 2021 ni mo ti pa tèmi, nǹkan kan ò ṣe é. Dátà tẹ́ ẹ fowó yín rà ni nǹkan yẹn ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ra 2GB láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n á fi ránṣẹ́ pé ó ti tán. Àbí ẹ ti gbàgbé 19 oṣù keje 2024? Update lásán ló sọ ojú kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ di aláwọ̀ búlúù káàkiri ayé, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́! Ọkọ̀ òfurufú ò lè gbéra. Àwa tá a ti pa tiwa, gààrí là ń mu lọ ní tiwa.

Adúnní Leeds: Àbúrò, ìtàn yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe update Windows ló fa tọjọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ aláàbò kọ̀ǹpútà kan, CrowdStrike, ló fi fáìlì tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà tiẹ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní CrowdStrike lórí, kò ṣe é ní nǹkan kan, yálà ó ń ṣe update tàbí kò ṣe. Torí náà, pípa tó o pa tìẹ kọ́ ló yọ ọ́.

Ọdún 2017 lèmi máa ń rántí. Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù karùn-ún, ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là ní bitcoin kóun tó ṣí i. Níbi tí mo wà yìí, ọsibítù NHS, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń dá aláìsàn padà sílé. Wọ́n fojú bù ú pé àdéhùn ìtọ́jú tí wọ́n fagi lé lé ní 19,000. Bẹ́ẹ̀ Microsoft, àwọn tó ṣe Windows, ti fi ohun tó máa dí ihò tó gbà wọlé sínú update láti 14 oṣù kẹta.

Ọmọ Ológbojò: Ọsibítù Òyìnbó nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló fẹ́ wá jalè ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì? Kí ló fẹ́ jí, pépà A4?

Adúnní Leeds: WannaCry ò mọ Òyìnbó yàtọ̀. Fúnra rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kiri, èyí tó bá ti nihò ló ń wọ̀. Bí ẹyọ kan bá kó o, gbogbo èyí tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà tí wọn ò tíì dí ihò tiwọn wọ gàù. Mọ́mì sì ní mẹ́rin. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Downloads yín wò lálẹ́ yìí. Kí ló wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Mo ṣí i. Síliìpù NIN, ojú ìwé páṣípọ́ọ̀tù, èsì ìdánwò, ìwé báńkì ẹni tó fẹ́ gba físà. Fáìlì 1,300 àti díẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ láti 2019. Ẹlòmíì ti kú nínú wọn. Ẹ̀rù bà mí o.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà: Mọ́mì, kí n bi yín ná. Kí ọjọ́ project yẹn tó dé, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ò ti bẹ̀ yín rí?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Ó bẹ̀ mí. Àpótí kékeré kan máa ń yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ pé ó dìgbà mìíràn. Á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sòótọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi, wọ́n á ní àwọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ológbojò, o ò parọ́ tán. Lóṣù kẹwàá 2018, Microsoft gbé update ńlá kan jáde tó pa fáìlì àwọn kan rẹ́, ìwé, fọ́tò, gbogbo ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìyẹn ni pé kéèyàn má sáré jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni wọ́n máa ń gbé èyí tó jẹ́ ti ààbò jáde. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọ̀sẹ̀ kan. Bí ariwo ò bá sọ láyé, mo gbé e wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ti Adúnní: láti 14 oṣù kẹta sí 12 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 59 ni. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan dúró, WannaCry ò bá a níbẹ̀. Ẹni tó pa á pátá ló bá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.

Tíṣà Àgbà: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹ̀! Ta ló ń ṣẹ́gun ta? Àwọn onítumọ̀ ní "ìmúdójúìwọ̀n" lorúkọ update. Kí n tó pè é tán, ó ti dé 40%.

Ọmọ Ológbojò: Ẹ ń rẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn ńkọ́? Fíláàṣì àwọn oníbàárà ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, èyí tí gbogbo folder á di shortcut. Update ò dí ìyẹn. Ẹ ò sì tíì dáhùn ọ̀rọ̀ dátà.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà: O jàre lórí fíláàṣì. Ẹni tó bá gbé fíláàṣì wá, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ́nà méjì.

Ní ti dátà: Mọ́mì, ẹ lọ sínú sẹ́tíǹgì, ẹ wá Delivery Optimization, ẹ gbà pé kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù máa pín in fúnra wọn. Èyí tó bá kọ́kọ́ fà á wálẹ̀ á fún àwọn yòókù, ẹ ò ní san owó ẹ̀mẹrin. Ẹ tún wá active hours, ẹ fi aago méje àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́ sí i. Kò ní tún ara rẹ̀ tan láàárín ìgbà yẹn. Dátà òru ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ sì pààrọ̀ bátìrì yẹn, ẹ̀mí ẹ̀rọ ni.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Méjì nínú mẹ́rin, tòkunbọ̀ ni, HP EliteBook 840 G3. Windows 10 ló wà lórí wọn. Wọ́n lórí wọn ò gba 11.

Ẹlẹ́rọ Ìkẹjà: Òótọ́ ni. Ọpọlọ ẹ̀rọ Intel ìran kẹfà ló wà nínú wọn, ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń béèrè. Windows 10 sì ti parí láti 14 oṣù kẹwàá 2025. Kò túmọ̀ sí pé wọn ò ní tàn mọ́, ihò tuntun tó bá yọ ni wọn ò ní dí mọ́. Àmọ́ ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò tí wọ́n fi ń bá Windows 10 fa update ààbò gùn sí i: ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ẹ jẹ́ kó máa fi sẹ́tíǹgì yín pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó pa sẹ́tíǹgì òun mọ́ sọ́dọ̀ wọn, 30 dọ́là. Òpin rẹ̀ ni 13 oṣù kẹwàá 2026. Àwọn ọmọ ọjà wa á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn fi Rufus, irinṣẹ́ kan tó ń fo àyẹ̀wò yẹn, gbé 11 lé e tipátipá. Ó máa ń ṣiṣẹ́, èmi náà ti ṣe é, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Ẹ gbé Linux Mint lé e, òun lèèyàn lè fi rọ́pò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í fipá tún ara rẹ̀ tan.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: CorelDRAW ńkọ́, Tíṣà? Káàdì ìgbéyàwó ló ń bọ́ mi.

Tíṣà Àgbà: Háà. Kò sí CorelDRAW níbẹ̀ o. Mo dákẹ́.

Adúnní Leeds: Mọ́mì, ọmọ project yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Aago méjì ló rí i fi sílẹ̀. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Alẹ́ Sunday rèé, aago mọ́kànlá kọjá. Mo ti sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mo ra bátìrì, mo pa àwọn fáìlì 2019 rẹ́. Ti àkọ́kọ́ ti dé 63%. Iná ṣì wà. Epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, okùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi báyìí.