Iṣẹ́ wo ni mo tiẹ̀ sanwó fún?

Ó ti sú mi! Gbogbo ìgbà tí iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì bá ti tàn nínú ọkọ̀ mi, owó ti lọ nìyẹn. Mẹkáníìkì á ki síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, bọ ihò OBD tí wọ́n ṣe fún un nínú ọkọ̀, á ka kóòdù àṣìṣe P0300, á ní epo ò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o, owó àyẹ̀wò ti di gọbọi. Síkánà kékeré tí mo rà ń ka kóòdù kan náà! Plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti fílítà afẹ́fẹ́, èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ wọn.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ máa yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà nílé o. Téèyàn bá tibẹ̀ mú kí plọ́ọ̀gì tètè ṣáná jù, ẹ́ńjìnnì á máa dún kan-kan-kan, písítìnì sì lè yọ́. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn, ó tọ́ kéèyàn sanwó ẹ̀.

Àmọ́ kí wọ́n kàn pa kóòdù rẹ́, kí wọ́n pè é ní títún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí iná yẹn sì tún tàn lọ́jọ́ kẹta? Rárá o!