Ìgò Ti Di Alárinà

Láyé àtijọ́, kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, alárinà á ti ṣe ìwádìí dé kọ̀rọ̀ yàrá: ṣé wọn kì í jẹ gbèsè nílé yẹn, ṣé ọkùnrin náà kì í lu obìnrin? Lónìí ní Òṣogbo, bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá ti ṣú, ẹ yà sílé ọtí èyíkéyìí láti Òkè-Fíà dé Ọlá-Ìyá, alárinà tuntun wà lórí tábìlì. Ó tutù, ó ń làágùn, 60cl ni. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdílé.

Ẹ wo bọ̀ọ̀dá kan báyìí. Lọ́sàn-án gangan, bó bá pàdé ọmọge, "ẹ káàsán" lásán á há a lọ́fun. Ìgò kìíní, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ìgò kejì, ó ti ń tún kọ́là ṣe. Ìgò kẹta, ó dìde. Ẹni tó jẹ ọlọ́kadà lówó láàárọ̀ ti di kọngílá!

Wọ́n á ní ọtí ló mú kí obìnrin náà rẹwà lójú àwọn. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ìgò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, ọtí ò yí bí àwọn ọkùnrin ṣe rí ẹwà ojú padà; ìgboyà láti fẹ́ sún mọ́ arẹwà ló fi kún un. Ti ilẹ̀ Faransé ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù: ẹni tó bá ti gbà pé ọtí lòun mu, bí ò tiẹ̀ sí ọtí nínú ife rẹ̀, á máa rí ara rẹ̀ bí arẹwà. Àwọn tó ń wò ó ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìwádìí yẹn gba ẹ̀bùn Ig Nobel, ẹ̀bùn ìmọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín, lọ́dún 2013.

Kí ojú bọ̀ọ̀dá wa lè tètè dá, ẹ má wulẹ̀ da omi tútù lé e lórí, ẹ má fún un ní kọfí. Ẹ̀dọ̀ kì í gbọ́ "ṣe kíá"; ìgò kan ṣoṣo lè gbà á ní nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ra ọtí fún ọmọ ọlọ́mọ títí tí kò fi lè di báàgì rẹ̀ mú mọ́, wọ́n á ní "ó ṣáà gbà." Kí ló fi gbà? Ìyẹn kúrò ní ẹ̀fẹ̀, ọ̀ràn ọlọ́pàá ni.

Ká padà sọ́dọ̀ kọngílá wa. Ọmọge tó lọ bá, màálítì ló ń mu, gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́ yékéyéké. Láàárọ̀ Sátidé, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, àna mi. Èmi ni ìyá ẹ̀, ní Ìgbọ̀nà. Ọmọ mi ní ẹ ti gbà láti bá mi pa páànù ṣọ́ọ̀bù dà. Káfíńtà ti wà lórí òrùlé o, ó ti ń tú u. Ṣé kí n fi àkáǹtì ránṣẹ́?"