Aṣọ ni wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, kì í ṣe yàrá

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pín pé "wọ́n fún yàrá BSL-4 ní afẹ́fẹ́ bíi táyà, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kòkòrò àrùn á tú síta" kò rí bẹ́ẹ̀. BSL-4 ni yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn kòkòrò àrùn tó léwu jù lọ.

Aṣọ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́ bíi táyà. Ọ̀pá rọ́bà ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ inú rẹ̀. Bí aṣọ bá ya, afẹ́fẹ́ á máa jáde, kòkòrò ò ní tètè ráyè wọlé. Òdìkejì ni ti yàrá: afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà jáde ju èyí tó ń wọlé lọ, nítorí náà bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti ìta ló ń wọlé. Èyí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ HEPA (asẹ́ tó ń mú kòkòrò tíntìntín inú afẹ́fẹ́) méjì tó tẹ̀ léra.

Ewu gidi ni kí fáànù tó ń fà á jáde kú, kí èyí tó ń fẹ́ ẹ wọlé ṣì máa ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀: bí ti àkọ́kọ́ bá dúró, èkejì náà gbọ́dọ̀ dúró.

Àyẹ̀wò bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé ò le. Òṣìṣẹ́ á wo géèjì tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé; tàbí kí wọ́n tú èéfín díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn láti ìta. Èéfín náà gbọ́dọ̀ fà wọlé.